Omi Àlùwàlá Nídìí Ọparun

Ìyá Ìjọ ti ṣáájú mi dé gáráàjì. Mo kírun sùbúù tán ni mo sáré jáde nílé pé kí n lè rí àga iwájú gbà nínú bọ́ọ̀sì, torí orúnkún mi kì í fẹ́ kí n ká a kò pẹ́. Àfi bí mo ṣe débẹ̀ tí mo rí obìnrin yìí nínú aṣọ funfun, ó ti jókòó síwájú, ó gbé àpò lé itan, ó ń wò mí.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Múfú. Àga pọ̀ lẹ́yìn."

Mo ní ẹ kú àárọ̀, mo sì gba ẹ̀yìn lọ. Inú ti bí mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rẹ́ ló gbé wa jáde pọ̀. Oníṣẹ́ awọ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, bàtà àti àpò ni mò ń ṣe, mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyá Ìjọ ń ta epo pupa, ilé rẹ̀ sì wà lórí ilẹ̀ ìjọ Aládùúrà tó kángun sí mọ́ṣáláṣí. Ohun tó wà láàárín wa ni ọ̀gbun. Ọ̀gbun gidi ni mò ń wí o, èyí tí àgbàrá gbẹ́. Àwọn kan ló gé gbogbo igi tó wà lókè ọ̀hún, wọ́n pín ilẹ̀ náà ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì, wọ́n da síméńtì lé e lórí. Omi tí ilẹ̀ máa ń mu tẹ́lẹ̀ kò rí ibi wọlé mọ́, ló bá ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ àwa tí a wà nísàlẹ̀. Àwọn tó ta ilẹ̀ ti ná owó wọn tán, àwa ni omi wá bá.

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún yìí gbé ilé ìdáná Ìyá Ìjọ lọ, ààrò, ìkòkò àti kẹ́ẹ̀gì epo. Àpótí ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n rí yọ. Ilẹ̀ tó kù láàárín ẹnu ọ̀gbun àti yàrá tó ń sùn kò ju ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní kan sí lọ. Bí òjò ńlá kan tàbí méjì bá tún rọ̀, ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó kú máa bá a lọ.

Ó yẹ ká la gọ́tà fún omi náà. Mọ́ṣáláṣí ní kó gba orí ilẹ̀ ìjọ kọjá, ìjọ ní kó gba orí ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí. A ṣèpàdé títí ó fi sú wa. Bí a bá ti gba àdúrà méjèèjì tán, tiwa àti tiwọn, ariwo ló kù.

Oníbàárà mi kan tó ń wá ra bàtà láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló sọ fún mi pé mọ́ṣáláṣí kan àti ìjọ Aládùúrà kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n jọ tún odò ṣe, tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò sì wó mọ́. Mo lọ sọ fún Ìmáàmù wa. Bàbá wò mí sùn-ùn. "Múfútàù, lọ fojú ara rẹ wò ó. Má mú ìtàn bọ̀ wá bá mi o, ohun tí a lè ṣe ni kí o mú bọ̀." Ìyá Ìjọ gbọ́, ó ní ilé òun ló ń wó, kò sí Mùsùlùmí tó máa lọ bá òun wò ó. Bí a ṣe di èrò ọkọ̀ kan náà nìyẹn.

Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Mo rántí ìgbà tí owó yẹn tó gbé gbogbo ọmọ ilé wa lọ, kí wọ́n sì jẹun bọ̀. Ọ̀nà náà wá ńkọ́? Háà! Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kó má gbà á. Bí ẹ bá bọ́ nínú kòtò kan, èkejì ti ń dúró dè yín, àwọn tírélà tó ń ti Òkè Ọya bọ̀ kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀kan bá ti dojú kọ wá, Ìyá Ìjọ á ké "Jésù!", èmi náà á ní "Lá ìláhà ìlàlláhù!", àwọn èrò yòókù á sì dáhùn "Àmín" sí méjèèjì.

Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, Màmá, ojoojúmọ́ ló yẹ kí n máa gbé ẹ̀yin méjèèjì. Ọkọ̀ mi ò ní nílò bíréèkì mọ́."

"Tún bíréèkì rẹ ṣe, ọmọ yìí," Ìyá Ìjọ dáhùn. "Wọn kì í ta àdúrà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà mọ́tò."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀gbà tí mo rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a ń sún mọ́ Odò Ọbà, ọkọ̀ akóèédú ń kọjá lára wa léraléra, àpò dúdú kún wọn dé òkè, wọ́n fi okùn dè é. Dírẹ́bà fi ẹnu júwe wọn. "Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bí táyà bá jò, abẹ́ igi la máa ń wọ́ ọkọ̀ sí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà báyìí, ṣé ẹ rí igi kankan? Ibòji wa ni wọ́n kó sínú àpò yẹn." Mo ní òótọ́ lo sọ, àmọ́ jọ̀ọ́, ọmọ mi, ojú ọ̀nà ni kí o máa wò.

Oòrùn ti mú nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní Takié. Kẹ̀kẹ́ gbé wa dé Ọjà Igbó, ebi sì ti ń pa wá. Ní Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ wa, nínú omi rẹ̀ ni àwọn ìyá Fúlàní sábà máa ń gbé wàrà kiri, kálukú á lọ dín tirẹ̀ nílé. Ibi tí a ti rà á ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú epo gbígbóná ni ọmọbìnrin náà ti ń yọ ọ́, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó wá bu ata gígún lé e. Igba náírà ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Ìyá Ìjọ san tèmi mọ́ tirẹ̀. Mo ní ẹ ṣé gan-an.

"Ẹ má dúpẹ́," ó ní. "Ẹ sọ fún mọ́ṣáláṣí yín kó jẹ́ kí omi kọjá."

Wàrà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́fun.

Ibẹ̀ ni ẹni tí oníbàárà mi ní kó máa retí wa ti wá bá wa. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń tiro ni, wọ́n ń pè wọ́n ní Bàbá Ládánì, torí àwọn ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ọ̀hún. Wọ́n kí wa káàbọ̀, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé, wọ́n béèrè tọ̀nà, wọ́n ní kí a jẹ́ kí a tètè máa lọ kí àkókò Àyílà, ìrun ọ̀sán, tó tó. A tẹ̀ lé wọn gba àárín àwọn ilé kan kọjá, a já sí etí odò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí n ó ṣe wí i. Odò kékeré ni o, ẹni tó bá ní agbára á fò ó. Àmọ́ omi rẹ̀ mọ́ débi pé mò ń rí òkúta ìsàlẹ̀. Mi ò rí náílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà kan ṣoṣo níbẹ̀, èmi tí mo ti gbà pé kò sí odò tí kò ní in mọ́ láyé yìí. Mọ́ṣáláṣí wà ní ìhín, ìjọ Aládùúrà wà ní ọ̀hún, afárá onípákó kan so wọ́n pọ̀, ọparun sì tò lọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tutù yọ̀yọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ etí odò mú ṣinṣin. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, kò yẹ̀. Ojú Ìyá Ìjọ ni mo wò.  Omijé ti dé ojú obìnrin tó ti ń fẹnu gún mi láti àárọ̀.

Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń ṣe àlùwàlá. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, mo sì rí i tí wọ́n ń pọn omi níbẹ̀ sínú bútà, ìyẹn kẹ́tù tí a fi ń ṣe àlùwàlá. Àmọ́ bí kálukú bá ti pọn tirẹ̀ tán, kò ní dúró síbẹ̀. Á gbé e lọ sétí odò, á lọ lóṣòó ti ìdí ọparun kan, ibẹ̀ ni á ti fọ ọwọ́, ojú àti ẹsẹ̀. Mo wo òdìkejì. Ọjọ́rú ni, wọ́n ní àdúrà ọ̀sán. Ilẹ̀ Àánú ni àwọn Aládùúrà ń pe gbàgede àdúrà wọn, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, wọn yóò sì kọ́kọ́ fọ ẹsẹ̀. Àwọn náà, pẹ̀lú abọ́ omi lọ́wọ́, ìdí ọparun ni wọ́n ti ń fọ tiwọn.

"Bàbá," mo ní, "ṣé gọ́tà ẹ̀rọ omi yín ló bàjẹ́ ni?"

Bàbá Ládánì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi mú. "Gọ́tà kankan ò bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká kírun ná."

Lẹ́yìn ìrun, a gorí afárá kọjá lọ bá Wòlíì wọn. Ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún ni, káfíńtà ni, ìyẹ̀ igi ṣì wà nínú irun rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀pà àti omi tútù wá. Ìtàn náà, àwọn méjèèjì ló jọ sọ ọ́, wọ́n ń já a gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu bí ọkọ àti ìyàwó.

Ìdọ̀tí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kan máa ń wá da ìdọ̀tí ìlú sínú odò yìí. Dírẹ́bà rẹ̀ gbọ́n, ọ̀sán Jímọ̀ ló máa ń wá, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí bá wà lórí ìrun, tàbí àárọ̀ Àìkú nígbà ìsìn, nígbà tí àwọn Aládùúrà bá wà nínú ilé. Bí mọ́ṣáláṣí bá lọ fẹjọ́ sùn ní kánsù, wọ́n á ní ẹjọ́ Mùsùlùmí nìyẹn. Bí ìjọ bá lọ, wọ́n á ní ti oníṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

"La bá pààrọ̀ ọjọ́," Wòlíì ní. "Ní Jímọ̀, àwa la máa ṣọ́ odò. Ní Àìkú, àwọn."

"Ẹ sọ ti Jímọ̀ àkọ́kọ́ fún wọn," Bàbá Ládánì ní.

"Àwọn ìyá wa wọ sùtánà, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n jókòó sójú ọ̀nà tí wọ́n ń kọrin. Bí ọkọ̀ ìdọ̀tí ṣe yọ, dírẹ́bà rí àwọn èèyàn funfun báláú pẹ̀lú iná lójú oòrùn, kò dúró béèrè. Ẹ̀yìn ló fi sá lọ!"

Ìyá Ìjọ rẹ́rìn-ín dé ibi pé ó fi gèlè nu ojú. Wọ́n ní lẹ́yìn ìyẹn ni Ààfáà mọ́ṣáláṣí náà àti Wòlíì jọ wọ ọ́fíìsì kánsù, wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, kò wá sí ẹni tó lè pè é ní ẹjọ́ apá kan mọ́. Ọkọ̀ náà kò wá mọ́. Àmọ́ etí odò ti bàjẹ́, ó ń wó, wọ́n bá gbin ọparun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àdéhùn wọn ni pé bí àwọn Mùsùlùmí bá wọ Ràmàdáánì tí agbára wọn kò gbé e láti pọn omi lọ́sàn-án, ìjọ máa bá wọn bomi rin tiwọn. Bí ìjọ bá wọ ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, mọ́ṣáláṣí máa bá wọn ṣe é.

"Àdéhùn dáadáa," mo ní.

"Dáadáa kẹ̀!" Bàbá Ládánì pàtẹ́wọ́. "Ọdún yẹn gan-an ni ààwẹ̀ méjèèjì wọ inú ara wọn. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa ń gbààwẹ̀, a ní ìjọ ń bomi rin ín. Ìjọ ń gbààwẹ̀, wọ́n ní mọ́ṣáláṣí ń bomi rin ín. Kò sẹ́ni tó lọ wò ó. Ìgbà tí a túnu tán, gbogbo rẹ̀ ti di igi ìdáná."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá dá mọ́ mi lẹ́nu, torí Wòlíì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìjà náà le. Ìjọ ní mọ́ṣáláṣí ló ṣẹ̀, mọ́ṣáláṣí ní ìjọ ló ṣẹ̀, wọn ò kí ara wọn mọ́. Ọjọ́ kan ni ẹnì kan wá ṣàkíyèsí pé ìdí ọparun kan ṣoṣo yè. Ibi tí Bàbá Ládánì ti máa ń ṣe àlùwàlá ni. Orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè lóṣòó sídìí ẹ̀rọ omi, torí náà etí odò, lórí òkúta kan, ni wọ́n ti máa ń ṣe tiwọn, kí wọ́n tó pe ìrun. Omi tó ń kán lápá wọn ló ń mu. Wọn kò tiẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń bomi rin nǹkan kan.

"Ìgbà yẹn ló yé wa," Wòlíì ní. "Ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè gbàgbé igi. Kò lè gbàgbé ìrun. A ò yan ẹnikẹ́ni sí iṣẹ́ omi mọ́. A tún ọparun gbìn, kálukú mú ìdí kan, ibẹ̀ ló ti ń fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀."

Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ló máa tẹ ilẹ̀ tútù. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yẹn, ọjọ́ náà ni mo tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n.

Wọ́n hú ìdí ọparun mẹ́fà fún wa pẹ̀lú gbòǹgbò àti erùpẹ̀, wọ́n fi àpò dì í, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ìyá Ìjọ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ni Wòlíì bá béèrè pé ibo la máa kọ́kọ́ gbìn ín sí. Mo ní ibi tó léwu jù ni, ẹ̀yìn ilé Ìyá Ìjọ, lórí ilẹ̀ ìjọ.

"Ta ló máa wá fọwọ́ níbẹ̀?"

Ìyá Ìjọ ní òun ni. Bàbá Ládánì mi orí. "Ẹsẹ̀ ẹnì kan ò lè tó ìdí mẹ́fà." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, Bàbá Múfú?"

 Kí n gbé bútà mi kọjá níwájú mọ́ṣáláṣí, kọjá lójú Ìmáàmù àti gbogbo ẹgbẹ́ mi, kí n wọ ilẹ̀ Aládùúrà lọ ṣe àlùwàlá? Ẹ má bínú sí mi, okùn àpò ọparun ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún so.

Bàbá Ládánì kò fi ipá mú mi. Wọ́n kàn ní, "Ẹ máa mú un lọ. Àmọ́ bí kò bá sẹ́ni tó máa fọwọ́ níbẹ̀, igi ìdáná lẹ̀ ń gbé lọ o."

Nígbà tí a ń bọ̀, Ìyá Ìjọ wá bá mi jókòó lẹ́yìn, ọparun nà gbalaja lórí itan wa méjèèjì, erùpẹ̀ tútù ń kun aṣọ funfun rẹ̀. A ti kọjá Odò Ọbà kó tó la ẹnu.

"Bàbá Múfú, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Kí ni kí n sọ? Wọ́n á ní mo ti di Aládùúrà."

"Èmi tí mò ń rin ẹsẹ̀ lásán, bàtà mélòó ni mo ti rà lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí ìyàwó yín ṣàìsàn? Ṣé mo wọ̀ ọ́?"

 Mo mọ̀ nígbà náà, mo sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, pé bàtà wọ̀nyẹn kò wúlò fún un, kí n lè rówó tọ́jú ìyàwó mi ló ṣe ń rà wọ́n. Ojú fèrèsé ni mo kọ sí títí a fi wọ Ọ̀yọ́. Òjò ti ń ṣú lápá òkè ìlú, lápá ibi tí wọ́n gé igi sí.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. A lọ tààrà sẹ́yìn ilé rẹ̀, mo gba ọkọ́, mo gbẹ́ ilẹ̀, ó ń ri ọparun mọ́lẹ̀, a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìdí kẹfà la ṣì ń ṣe nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgáríbì. Ó wò mí.  Mo fi ọkọ́ sílẹ̀, mo lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Gbogbo wọn ti tò sídìí ẹ̀rọ omi. Mo pọn omi kún bútà mi, mo ní kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi máa pọn tiwọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé Ìyá Ìjọ kò ju kí èèyàn sọ òkò lọ. Mo búra fún yín, Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìn tó o. Ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Mo lóṣòó sétí ọ̀gbun, mo ní "Bísímílàhì," mo da omi sọ́wọ́, ó kán sílẹ̀ sídìí ọparun.

Mo ti dé orí ẹsẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn Ìmáàmù lẹ́yìn mi. "Múfútàù. Ṣé gọ́tà ẹ̀rọ omi ló bàjẹ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ohun tí ẹ ní kí n mú bọ̀ nìyí."

Bàbá sún mọ́ etí ọ̀gbun. Wọn kò wá ẹ̀yìn ilé yìí rí, inú mọ́ṣáláṣí la ti ń ṣe gbogbo ìpàdé. Wọ́n wo ìdí mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró. Wọ́n wo ibi tí ilé ìdáná wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n wo ilẹ̀ tó kù, wọ́n wo fèrèsé yàrá Ìyá Ìjọ, wọ́n sì mí kanlẹ̀. Wọ́n gbé bútà tiwọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Sún díẹ̀."

Ẹsẹ̀ àgbàlagbà kò gbà wọ́n láti lóṣòó. Ìyá Ìjọ ti sáré wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó kan ṣoṣo tó kù nínú ilé ìdáná rẹ̀ jáde, ó nù ún, ó gbé e sí ìdí ọparun kejì. Ìmáàmù jókòó lé e. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n fọ ojú, omi ń kán, òjò ń kù lókè. Nígbà tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ tán, wọ́n gbójú sókè wò ó.

"Ìyá Ìjọ, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n gbé ọkọ́ wá láàárọ̀ ọ̀la. Àwọn tiwa náà máa wà níbẹ̀. Orí ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí ni gọ́tà yẹn máa gbà."